Ètò Ìsan Gbèsè: Ẹ̀kọ́ fún Àwa tí A Ó Di Olùkọ́

Ẹ̀kọ́ tí àwa mú wá lónìí kò sí nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí kì yóò bá a pàdé kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbèsè ni ẹ̀kọ́ náà. A kò kọ ọ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwa mẹ́ta tí a ń gbé inú yàrá kan ni a jẹ ẹ́, àwa náà ni a sì san án. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ wa bá le ní ibì kan, ara wa ni a kọ́kọ́ ń bá wí.

Bí a ti wọ inú rẹ̀

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánrawò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a rò ó nínú ara wa pé kò yẹ kí olùkọ́ dúró níwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú aṣọ tí ó ti ṣá. A lọ sí ọ̀dọ̀ aláṣọ, a ra aṣọ ₦100,000 ní àwìn. Télọ̀ bá wa rán an, òun náà ní kò burú, kí a san owó òun ní ìparí oṣù. Ní àkókò kan náà, à ń jẹun lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Onírẹsì. Òun náà ń kọ owó wa sínú ìwé kékeré kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wa bí ó ti ń kọ ọ́.

Nígbà tí aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó rẹ̀, a kò jókòó rò ó. A yá ₦40,000 lọ́wọ́ ayánilówó kan lórí tẹlifóònù, a kó o fún aláṣọ kí a lè sinmi díẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦15 lórí ₦100 ní oṣù kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ₦6,000. Ní oṣù kìn-ín-ní, a san ₦6,000, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí owó tí ó kù dúró. Ní oṣù kejì, a tún san ₦6,000. Ní oṣù kẹta, a kò rí nǹkan kan san; wọ́n fi èlé ₦6,000 àti owó ìtanràn ₦2,000 lé e, ó di ₦48,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáradára: a ti san ₦12,000, síbẹ̀ gbèsè wa pọ̀ ju èyí tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, kí Ìyá Onírẹsì má baà rí wa. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àwa ń fi aṣọ tuntun náà gba ọ̀nà inú igbó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ìṣirò èlé. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ọkùnrin kan yá owó báyìí, ó sì béèrè èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta. Ọmọdébìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá ńkọ́, báwo ni a ó ṣe ṣírò rẹ̀?” Ọmọ Ìyá Onírẹsì ni. Kò sọ ọ́ láti fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé, ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tí ó mú ẹfun lọ́wọ́ nínú wa kò rí ohun kan sọ títí agogo fi dún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Kò bú wa. Ohun tí ó sọ ni pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ti wá sọ fún mi pé owó kò tíì sí, n kì bá tí bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí n kò rí owó èsúsú mi san, ìrẹsì tí ó kù nínú àpò kò sì lè pé ọjọ́ mẹ́rin.” Nígbà náà ni ó yé wa pé owó tí a jẹ kì í ṣe owó olówó kan tí kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Àpò ìrẹsì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni a ti jẹ, a sì ti fi gbèsè tiwa sọ obìnrin náà di onígbèsè láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ wa fi hàn wá

A mú ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa àgbà lọ. Kí ó tó dá wa lóhùn nípa owó, ìtàn ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ wa.

Ó ní láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá yá owó ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò sì ní ohun tí yóò fi dúró, òun tìkára rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ a di ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni iṣẹ́ náà ń san. Bí ó ti wù kí ó kọ ebè pọ̀ tó, owó tí a yá gan-an kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Bí kò bá rí owó náà kó kalẹ̀, ó lè sin ìsìn náà di arúgbó. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ó kọ nípa ológò pẹ̀lú, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè: a jókòó sí ilé rẹ̀, a pariwo, a bèèrè oúnjẹ, a sì mú ẹran ọ̀sìn tí ó bá rí, títí gbogbo agbolé yóò fi dìde wá owó fún un kí wọ́n lè ní ìsinmi.

Olùkọ́ wa wá béèrè lọ́wọ́ wa pé: “₦12,000 tí ẹ ti san fún oní-tẹlifóònù, kí ni ó ṣe nínú ₦40,000?” A ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní: “Ǹjẹ́ ẹ kò ti di ìwọ̀fà? A ti fi òfin mú ìwọ̀fà kúrò láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tún fi ọwọ́ ara yín gbé e padà wọ inú yàrá yín.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wa. Owó tí kò bá dín owó tí a yá gan-an kù, ìsìn ìwọ̀fà ni a fi ń sìn. Ète ètò ìsan gbèsè ni pé kí owó kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ọwọ́ wa jáde gé díẹ̀ kúrò lára gbèsè náà, títí yóò fi tán.

Bí a ti ṣe ètò náà

Olùkọ́ wa fún wa ní ìwé tí a fàlà sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó fún wa ni kí a kọ gbogbo ẹni tí a jẹ lówó sílẹ̀, kí a má fi ẹnì kan pamọ́. Èyí ni ó ṣòro jùlọ, nítorí títí di ọjọ́ náà kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ àpapọ̀ rẹ̀. Báyìí ni ó rí:

Aláṣọ: ₦60,000
Ayánilówó orí tẹlifóònù: ₦48,000
Ìyá Onírẹsì: ₦36,000
Télọ̀: ₦24,000
Ọ̀rẹ́ wa kan: ₦12,000
Àpapọ̀: ₦180,000

Iṣẹ́ kejì ni kí a kọ owó tí ń wọlé fún wa. Owó tí ń ti ilé wá àti èyí tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí níbi kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ₦120,000 ní oṣù. Owó tí a ń retí tí kò tíì dájú, ó ní kí a má ṣe kọ ọ́ rárá.

Iṣẹ́ kẹta ni kí a kọ ohun tí a kò lè ṣe aláìná. Oúnjẹ, yàtọ̀ sí gààrí àti iṣu tí ń ti ilé wá, ₦57,000. Owó ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń dánrawò, ₦15,000. Ọṣẹ, iná àti tẹlifóònù, ₦9,000. Ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni, ₦4,500. Àti ohun àìròtẹ́lẹ̀, ₦4,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. A fẹ́ pa owó ohun àìròtẹ́lẹ̀ rẹ́, kí gbèsè lè tètè tán, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kọ̀. Ó ní ẹni tí kò bá fi ààyè sílẹ̀ fún àìsàn, ọjọ́ tí àìsàn bá dé ni yóò tún lọ yá owó.

Bí a bá yọ ₦90,000 kúrò nínú ₦120,000, ó ku ₦30,000 fún gbèsè. Báwo ni a ó ti pín in? Àwa ìbá kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní sùúrù fi ń jìyà sùúrù rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù gba gẹ́gẹ́ bí gbèsè rẹ̀ ti tóbi tó. ₦30,000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ₦180,000. Nítorí náà, olúkúlùkù yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà owó rẹ̀ ní oṣooṣù:

Aláṣọ: ₦10,000
Ayánilówó orí tẹlifóònù: ₦8,000
Ìyá Onírẹsì: ₦6,000
Télọ̀: ₦4,000
Ọ̀rẹ́ wa: ₦2,000
Àpapọ̀: ₦30,000

Nínú oṣù mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ yóò tán, bí èlé kò bá tún gorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “bí” yìí ni ó mú wa dé iṣẹ́ kẹrin: kí a lọ bá gbogbo wọn kí wọ́n tó wá bá wa. A mú ìwé náà dání, a fi hàn wọ́n bí a ti pín in, a sì bẹ̀bẹ̀. Aláṣọ kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé a kò fi nǹkan kan pamọ́ fún òun, ó gbà. A kọ̀wé sí ayánilówó orí tẹlifóònù pé kí wọ́n dá èlé dúró lórí ₦48,000, kí wọ́n sì máa gba ₦8,000 ní oṣooṣù. Ní ìwé kejì ni wọ́n tó gbà, a sì tọ́jú èsì wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ ni, à bá bẹ àwọn yòókù tí kò gba èlé pé kí wọ́n gba díẹ̀ ná, kí a lè kọ́kọ́ pa èyí tí ń bímọ lójoojúmọ́.

Ní oṣù kẹta, ibà mú ọ̀kan nínú wa, kò lè kọ́ àwọn ọmọ ìrọ̀lẹ́, owó wa sì dín. Nígbà àtijọ́, à bá sá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, a lọ sọ fún gbogbo wọn pé ₦15,000 ni a rí, olúkúlùkù sì gba ìdajì tirẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù keje ni gbèsè náà tán, nígbà tí a san ₦15,000 tí ó kù. A kò yá owó mìíràn ní gbogbo àkókò náà, a kò sì ra ohunkóhun ní àwìn. Nítorí ẹni tí ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí ihò rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ibòmíràn

Lẹ́yìn tí a parí tiwa ni a gbọ́ pé irú ètò yìí ti di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ń gbé ní ìlú London, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, òun ni ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ fún wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà tí wọ́n ń bá onígbèsè ṣe ètò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni StepChange, tí a dá sílẹ̀ ní 1993. Onígbèsè yóò kọ owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde fún wọn. Wọn yóò kọ̀wé sí àwọn tí ó jẹ lówó. Òun yóò máa san owó kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ náà ní oṣooṣù, wọn yóò sì pín in gẹ́gẹ́ bí gbèsè kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó. Àdéhùn ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Ẹni tí a jẹ lówó lè dá èlé dúró, ó sì lè kọ̀. Owó ilé, owó iná àti owó orí tí a jẹ sẹ́yìn, ìwọ̀nyí ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ bójú tó, nítorí pé ẹni tí kò bá san wọ́n lè pàdánù ilé tàbí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2021 pẹ̀lú, òfin wà ní England àti Wales tí ó lè fún onígbèsè ní ọgọ́ta ọjọ́ láti mí, nínú èyí tí a kò ní í fi èlé kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbèsè rẹ̀, tí àwọn agbowó kò sì ní í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹni tí kò bá rí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí lè ṣe akọ̀wé fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Òfin irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé inú owó oṣù ni wọ́n ti máa ń yọ owó wọn kí ó tó dé ọwọ́ yín. Owó tí ó dé ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe ètò, kì í ṣe owó tí ó wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta

Ìkín-ín-ní, ẹ má ṣe rò pé a lè fi owó pamọ́ kúrò lójú gbèsè. Láti oṣù kẹjọ 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé báǹkì tí ènìyàn kò san owó rẹ̀ lè gba owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn, nítorí pé nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú lé yín sínú gbèsè mìíràn. Àwọn ayánilówó orí tẹlifóònù kan wà tí wọ́n ń ránṣẹ́ ẹ̀gàn sí ìyá, ọ̀gá àti ọ̀rẹ́ onígbèsè. Ológò ni wọ́n, àyàfi pé wọn kò jókòó sí àgbàlá mọ́. Ní 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà dìde sí wọn, ó sì gbé ìlànà jáde pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń dójú tì báyìí lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àjọ náà. Gbèsè jẹ́ gbèsè, a ó sì san án, ṣùgbọ́n kò sọ ènìyàn di ẹni tí a lè máa bú níta.

Ẹ̀kẹta, gba ìwé ẹ̀rí ní gbogbo ìgbà tí o bá sanwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ni. Ìwé ni kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ méjì jà.

Ìparí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó fọ́n ká sí ìlú àti abúlé. Ní ibi tí a bá dé, wọn yóò máa pè wá ní Tíṣà, àwọn aláṣọ yóò sì máa sọ pé kò burú, kí a mú un lọ ná. Ẹ ṣe bí ẹ ti mọ. Bí ẹ bá sì ti wọ inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pín in, ẹ sì lọ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá bèèrè.

Ní ọjọ́ tí a san owó ìkẹyìn fún Ìyá Onírẹsì, ó ṣí ìwé kékeré náà, ó fa ìlà gba orí orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ó sì bu ìrẹsì fún wa. A ní a kò gba àwìn mọ́. Ó ní: “Ta ni ó pè é ní àwìn? Ẹ jókòó, kí ẹ jẹun.” Ojú ọ̀nà gan-an ni a gbà padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Fún ìdánrawò: Olùkọ́ kan jẹ ẹnì kan ní ₦70,000, ó jẹ ẹnì kejì ní ₦42,000, ó sì jẹ ẹnì kẹta ní ₦28,000. Owó tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù jẹ́ ₦95,000. Ohun tí kò lè ṣe aláìná jẹ́ ₦75,000. Bí èlé kò bá sí, èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà ní oṣooṣù, oṣù mélòó ni gbèsè náà yóò sì fi tán? Kí olúkúlùkù ṣe é, lẹ́yìn náà kí ó fi iye tirẹ̀ dípò rẹ̀.